Ọjọ́ Tí Mo Jẹ́rìí Ta Ko Ọmọ Ìyá Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ kú àtijọ́. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti ń bi mí pé kí ló dé tí ẹ kò gbúròó mi mọ́, tí n kò gbé àwòrán síbí mọ́, tí n kò fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣe yẹ̀yẹ́ bí mo ti máa ń ṣe. Lónìí, mo fẹ́ la ẹnu mi. Ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á, torí ọ̀rọ̀ náà wúwo, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń gé e kúrú.

Fún àwọn tí kò mọ̀ mí, Rosínì lorúkọ mi. Ọmọ Nàgó Póbẹ̀ ni mí, Kútọnú ni mo ń gbé. Iṣẹ́ mi ni láti máa kọ́ èèyàn ní ìwakọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni o, obìnrin ni mí, mo sì ń kọ́ àwọn ọkùnrin onírùngbọ̀n bí wọn yóò ṣe wa ọkọ̀ akẹ́rù! Bí ẹ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín. Ó ti mọ́ mi lára.

Ẹni tó mú mi dé ìdí iṣẹ́ yìí ni ẹ̀gbọ́n mi, Matíà. Ìyá kan náà, bàbá kan náà ló bí wa. Fòfó ni mo máa ń pè é, bí a ti ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ní Kútọnú níbí. Nígbà tí bàbá wa kú, Fòfó ló wá mú mi ní Póbẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo ló ní nígbà náà. Ó ní kí n máa sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, òun ń tẹ́ ẹní sí ẹnu ọ̀nà.

Òun náà ló kọ́ mi ní ìwakọ̀. Bí mo bá tẹ bíréèkì lójijì, kì í pariwo mọ́ mi. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Rosínì, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ kò mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ o." Ẹ ò rí i pé olùkọ́ gidi ni? N kò tíì rí ẹni tó ní sùúrù tó o nídìí ọkọ̀.

Nígbà tó yá, ìjọba fi í ṣe ìsípẹ̀kítọ̀. Òun ni yóò jókòó ti ẹni tó fẹ́ gba pẹ́mì, ìyẹn ìwé àṣẹ ìwakọ̀, lọ́jọ́ ìdánwò. Bí ó bá ní o yege, o yege. Bí ó bá ní padà lọ kọ́ ọ sí i, o máa padà ni. Gbogbo ilé wa ló yọ̀. Ìyá wa jó!

Ẹ jẹ́ kí n wá mú Jẹ́róòmù wọlé báyìí, nítorí láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Jẹ́róòmù ń ru ẹrù ní èbúté Kútọnú. Ọkùnrin alágbára ni, ó ní ìyàwó, ó bímọ, ó sì lẹ́fẹ̀. Ó wá sọ́dọ̀ mi pé òun fẹ́ kọ́ tírélà, kí òun lè kúrò nídìí ẹrù rírù. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọkọ̀ ńlá ń bà á. Bí ẹrù bá ti wà lẹ́yìn, á gbàgbé dígí, á máa tẹ bíréèkì nígbà tó ti pẹ́ jù. Mo sọ fún un pé kò tíì gbó, pé n kò ní mú un lọ síbi ìdánwò. Ó bẹ̀ mí títí. Ó ní ọ̀gá kan ti ṣèlérí iṣẹ́ fún òun, pé ọ̀gá náà kò ní dúró de òun. Mo ní rárá. Ló bá lọ.

Ẹ gbọ́ o! Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, Jẹ́róòmù tún yọ sí mi. Ó gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò wá nínú ọ̀rá, ó ní òun wá dúpẹ́. Ìdúpẹ́ kí ni? Ó fa pẹ́mì yọ. Pẹ́mì ọkọ̀ ńlá! Mo ní ìgbà wo lo ṣe ìdánwò? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, pé ẹ̀gbọ́n mi ni kí Ọlọ́run bá òun kẹ́. Ó rò pé mo mọ̀ sí i. Ó rò pé inú mi yóò dùn!

Mo gbéra, mo kọrí sí ọ́fíìsì Fòfó. Ó ti ilẹ̀kùn. Èmi àti òun nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ fi èyí sọ́kàn. Mo bi í bóyá òótọ́ ni. Kò sẹ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Jẹ́róòmù fún òun ní nǹkan, òun sì fọwọ́ sí i, ṣé òun nìkan ló ń ṣe é ni? Ó ní ojú títì ló ń kọ́ awakọ̀, pé kì í ṣe ìdánwò.

Mo ní, "Fòfó, ọkùnrin yẹn kò lè wa tírélà."

Ó kọ́kọ́ fi mí ṣẹ̀rín. Nígbà tó rí ojú mi, ó fi ẹ̀rín sílẹ̀. Ó wá ṣèlérí pé òun yóò pe Jẹ́róòmù, òun yóò gba ìwé náà padà títí yóò fi mọ̀ ọ́n wà. Mo gbà á gbọ́. Kí ló máa ṣe mí tí n kò fi ní gbà á gbọ́? Ṣebí Fòfó ni.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ẹnìkan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pè mí. Ó ní tírélà kan já lọ́wọ́ awakọ̀ lọ́nà Sẹ̀mẹ̀, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níbi tí àwọn obìnrin ti ń yan ẹja. Ó ní Jẹ́róòmù ló wà nídìí rẹ̀. Obìnrin kan kú lójú ẹsẹ̀. Sìkírátù lorúkọ rẹ̀, ọmọ Kétu, ìyàwó Bàbá Ganíyù tó ń tún àwọ̀n àwọn apẹja ṣe.

Mo lọ kí Bàbá Ganíyù. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rí ọ̀fọ̀ rí, ṣùgbọ́n n kò rí irú ìyẹn. Bàbá náà jókòó sórí ẹní, kò sunkún. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń bi pé, "Ṣé ẹ ti jẹun? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti jẹun?" Ẹnìkan sọ sí mi létí pé bí ìyàwó rẹ̀ ti máa ń kí àlejò nìyẹn. Kò sí ẹlòmíràn tí yóò bá a bèèrè mọ́.

Àwọn ọlọ́pàá ti mú Jẹ́róòmù. Wọ́n yẹ ìwé rẹ̀ wò, ìwé rẹ̀ pé. Ìjàǹbá ọkọ̀ ni, wọ́n ní, àmúwá Ọlọ́run. Kò sí ẹni tó bèèrè bí ọkùnrin náà ṣe rí pẹ́mì gbà. Ta ló máa bèèrè? Lọ́jọ́ náà gan-an ni Fòfó pè mí lórí fóònù, pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, pé kí n má dá ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ o.

Oúnjẹ kò wọ̀ mí lẹ́nu mọ́. Bí mo bá ń kọ́ èèyàn, tí wọ́n bá tẹ bíréèkì, n óò ti yíjú wo ẹ̀gbẹ́ títì.

Mo ti ń gbọ́ lórí rédíò pé ìjọba ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń gbógun ti àbẹ̀tẹ́lẹ̀ àti ìwà ìbàjẹ́, pé ẹnikẹ́ni lè wá sọ tẹnu rẹ̀. Mo rò pé àwọn sójà ni n óò bá níbẹ̀! Mo débẹ̀, fáànù kan ló ń yí, àwọn èèyàn jókòó lórí àga bíi ti ilé ìwòsàn. Màdáàmù kan tó dàgbà jù mí lọ ló gbà mí, Àlíìsì lorúkọ rẹ̀. Èdè Gun ló ń sọ, mo sì gbọ́ Gun, ara tù mí díẹ̀.

Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú u jáde, ó ní kí n dúró ná, kí n kọ́kọ́ mọ ibi tí mo wà. Ẹ jẹ́ kí n ro ohun tó sọ fún yín, torí èmi náà kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ó ní àwọn kì í ṣe adájọ́. Àwọn a gbọ́ ẹjọ́, àwọn a ṣe ìwádìí, àwọn a sì gbé ohun tí àwọn bá rí lọ fún agbẹjọ́rò ìjọba. Ilé ẹjọ́ nìkan ló lè dá èèyàn lẹ́bi. Ó ní lójú òfin, ẹni tó gba rìbá àti ẹni tó fún un, ẹlẹ́bi làwọn méjèèjì. Ó ní òfin náà dáàbò bo ẹni tó bá wá sọ òótọ́: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lé e níṣẹ́ torí ẹ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ máa dárúkọ rẹ̀ kiri. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé irọ́ lo wá pa mọ́ ọmọnìkejì rẹ, òfin náà á dé ọ̀dọ̀ ìwọ náà.

Ó wá ní ó yá, ta ni? Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni. Ọmọ ìyá mi.

 Ó bi mí pé ta ló sọ ọ́ fún mi. Mo ní Jẹ́róòmù sọ ọ́, Fòfó náà sì fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ fún mi. Ó ní ta ló tún wà níbẹ̀? Mo ní èmi àti òun nìkan.

Ó bọ́ ìgò ojú rẹ̀. Ó ní, "Àbúrò mi, mo lè fi orúkọ rẹ pamọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin méjì péré sọ nínú yàrá, báwo ni mo ṣe fẹ́ fi pamọ́ fún òun? Yóò mọ̀. Òfin lè ṣọ́ iṣẹ́ rẹ. Kò lè bá ọ ṣọ́ agboolé yín." Ó ní kí n lọ sílé, kí n lọ rò ó dáadáa. Kò fipá mú mi, kò sì tàn mí.

Mo pinnu pé bí yóò bá mọ̀, ẹnu mi ni yóò ti gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, mo lọ sí ilé Fòfó ní Kàlàví. Mo bá a níbi tó ti ń jẹ àtàsí, ìrẹsì àti ẹ̀wà tó fẹ́ràn. Ó ní, "Rosínì, wá jẹun." Mo kúnlẹ̀. Mo ní mo ti débi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ àbẹ̀tẹ́lẹ̀, n kò tíì dárúkọ rẹ̀ lórí ìwé, ṣùgbọ́n n óò padà lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí a jọ lọ, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, bóyá adájọ́ á lè fi ojú àánú wò ó.

Ó ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ta ló mú ọ wá sí Kútọnú?"

"Ẹ̀yin ni, Fòfó."

"Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́ tí o fi ń jẹun?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ẹnu tí mo bọ́ náà lo wá fẹ́ fi tà mí?"

Mo ń sunkún, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí mo fẹ́ bi í. Mo ní, "Fòfó, ẹ dákun, ẹ sọ fún mi. Ṣé ẹ pè é? Ṣé ẹ pe Jẹ́róòmù, bí ẹ ṣe ṣèlérí?"

Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Mo gbàgbé."

Ẹ gbọ́ mi bí? Ó gbàgbé! Bí ó bá sọ pé òun kò fẹ́ ni, ì bá sàn. Ó gbàgbé, bí ìgbà tí èèyàn gbàgbé láti ra iyọ̀ bọ̀ wálé.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ní ọjọ́ kejì, wọ́n ti ń pè mí láti Póbẹ̀. Àwọn àgbà ìdílé fẹ́ rí mi láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Mo lọ. Àbúrò bàbá wa, Bàbá Símẹ́ọ̀nù, ló sọ̀rọ̀ fún gbogbo wọn. Ó ní àwọn ti rán èèyàn lọ bẹ Bàbá Ganíyù ní Sẹ̀mẹ̀, bàbá náà sì ti ní òun ti dárí ji ẹni tó wa ọkọ̀ náà. Ó ní, "Ọlọ́fọ̀ ti nu omijé nù, ìwọ ń ké jù ú lọ. Ṣé ìwọ lo bí òkú ni?"

Ìyá wa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń pa ẹ̀kùrọ́. Kò gbójú sókè. Ìgbà tí mo fẹ́ máa lọ ló tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Rosínì, bí ó bá ṣe ìwọ ni, òun kò ní ṣe é fún ọ."

 Òótọ́ ni. Fòfó kò ní ṣe é fún mi láéláé. Á fi ara rẹ̀ bò mí ni.

Mo fẹ́ jáwọ́ nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, n kò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n mo ní kí n kọ́kọ́ dé Sẹ̀mẹ̀ kí n fi etí ara mi gbọ́. Bàbá Ganíyù ń tún àwọ̀n ṣe nígbà tí mo débẹ̀. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́ fún un, mo sọ gbogbo ohun tí mo mọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí àwọ̀n. Àwọn tí ìdílé wa rán kò sọ fún un pé Jẹ́róòmù kò ṣe ìdánwò. Ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé bíréèkì ló já.

Mo bi í bóyá òótọ́ ni pé ó ti dárí jì wọ́n.

Ó ní, "Mo ti dárí jì wọ́n, ọmọ mi. N kò ní gbà á padà. Èyí tó jẹ́ tèmi ni mo fi jì wọ́n. Ti ẹni tí yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lọ́la, kò sí lọ́wọ́ mi." Ó tún gbé àwọ̀n rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá mo ti jẹun.

Láti Sẹ̀mẹ̀, n kò dé ilé. Ọ̀dọ̀ Màdáàmù Àlíìsì ni mo gbà lọ tààrà.

Ìwádìí bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bá àwọn mìíràn tó gba pẹ́mì bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ní kí gbogbo wọn padà wá ṣe ìdánwò. Wọ́n dá Fòfó dúró níṣẹ́, wọ́n sì gbé ẹjọ́ náà dé kóòtù. Àwọn oníbàárà kan sá fún ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ wa. Ọ̀gá mi fẹ́ kí n lọ sinmi nílé títí ọ̀rọ̀ yóò fi tutù. Màdáàmù Àlíìsì wá rán an létí ohun tí òfin wí, ọ̀gá náà sì jẹ́ kí n wà lẹ́nu iṣẹ́ mi. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn.

Ọjọ́ tí n óò jẹ́rìí dé. Faransé ni mo fi sọ ọ́ níwájú adájọ́, ṣùgbọ́n Nàgó ló ń dún nínú orí mi. Mo sọ ohun tí Jẹ́róòmù sọ. Mo sọ ohun tí Fòfó sọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. N kò fi kún un, n kò yọ kúrò nínú rẹ̀.

Agbẹjọ́rò Fòfó dìde. Ó ní ìlara ló ń dà mí láàmú, pé a ń jà lórí ilẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀ ní Póbẹ̀, pé torí ilẹ̀ náà ni mo ṣe fẹ́ ba ti ẹ̀gbọ́n mi jẹ́. Ìjà ilẹ̀!  Èmi àti Fòfó nìkan ló wà nínú ọ́fíìsì náà, ta ni yóò bá mi jẹ́rìí?

Adájọ́ bi Fòfó pé ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Fòfó dìde. Ó ti rù. Ó di igi iwájú rẹ̀ mú. Ó wo agbẹjọ́rò rẹ̀, ó wò mí. 

Ó ní, "Kò sí ìjà ilẹ̀ kankan láàárín wa. Àbúrò mi kò purọ́."

 Èmi ni mo bú sẹ́kún.

Wọ́n fi òun àti Jẹ́róòmù sẹ́wọ̀n. Àwọn kan ń pè mí ní akọni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń mú un jáde, ọrùn ẹ̀gbọ́n mi ni mo ń wò lẹ́yìn, bí ó ti tẹ̀, mo sì ń wá ohun tí mo lè sọ sí i. N kò rí i.

Bí mo bá lọ sí Póbẹ̀ báyìí, ìyá wa á bu omi fún mi, á dáhùn ìkíni mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti jókòó, òun á dìde. Á rí nǹkan ṣe lẹ́yìnkùlé títí n óò fi máa lọ. Bàbá Símẹ́ọ̀nù kò dá mi lóhùn rárá.

Mo máa ń gbé oúnjẹ lọ fún Fòfó lẹ́wọ̀n. Lákọ̀ọ́kọ́, kò jáde sí mi, oúnjẹ náà ni mo gbé padà. Nígbà tó yá, ó jáde. Ó gba abọ́ náà lọ́wọ́ mi. Gbogbo ohun tó bi mí ni pé, "Màmá ńkọ́?" Mo ní Màmá wà dáadáa, Màmá ń kí yín. N kò tíì mọ bí n óò ṣe sọ fún un pé Màmá kì í jókòó tì mí mọ́.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo rí kọ́? Ohun kan ni mo lè sọ. Òfin dára, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kò wúlò. Ó gbọ́ mi, ó ṣe ìwádìí, ó dáàbò bo iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n òfin kì í wá jókòó ti èèyàn nínú agboolé. Iṣẹ́ tiwa nìyẹn. Bí ẹnìkan nínú ìdílé yín bá sọ òótọ́ tó dun gbogbo ilé, bí ẹ kò tilẹ̀ lè yìn ín, ẹ má dìde kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tó bá jókòó. Ẹ fi omi síwájú rẹ̀, kí ẹ sì jókòó pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé irú rẹ̀ ti kàn yín rí, tí òótọ́ wà lápá kan, tí ẹ̀jẹ̀ yín wà lápá kejì? Ibo lẹ yà sí? Báwo lẹ ṣe padà bá ara yín sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Mo fẹ́ mọ bí àwọn tó ti kọjá níbẹ̀ ṣe ṣe é, torí ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, Póbẹ̀ ni mo ń lọ.